Kíkó Irun Jọ Sókè Nínú Ilé Láìfa Irun Iwájú Orí Tu

Ní ọ̀pọ̀ ilé láàárín wa, alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni alẹ́ irun. Ìyá á jókòó sórí àga, ọmọbìnrin á jókòó sórí àpótí láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, òòyà àti ìgò òróró á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹkún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú kí iṣẹ́ náà tó parí. Ẹni tí kò bá ráyè ṣe é lálẹ́ yóò jí ní kùtùkùtù ọjọ́ Ìsinmi, yóò sì máa wá róbà irun kiri inú yàrá nígbà tí àkókò ìsìn ti ń súnmọ́. Ohun tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kò pọ̀. Ó ń fẹ́ irun tí òun lè kó jọ sókè ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú 15 tàbí 20, tí yóò mọ́, tí yóò bójú mu, tí gèlè tàbí fìlà akọrin yóò sì lè gùn láìsí wàhálà.

Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé bí a ṣe lè ṣe irú irun bẹ́ẹ̀ nínú ilé, pẹ̀lú ọwọ́ ara wa àti pẹ̀lú ohun tí kò wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan ni. Bí àwọn obìnrin tí wọ́n ti lé ní 40 ọdún bá ṣí gèlè, ẹ ó rí i pé lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, irun ti fà sẹ́yìn ní ẹ̀bátí méjèèjì, awọ orí sì ń dán níbẹ̀. Àwọn kan a máa sọ pé ọjọ́ orí ni ó fà á. Àwọn mìíràn a ní ìdílé àwọn ni ó ti wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ọwọ́ tí ó di irun náà ni, ọwọ́ náà a sì máa jẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn wa.

Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí kò sọ ọ́ láti inú ìwé nìkan. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n di irun mi ní ṣùkú fún ọjọ́ ìpínfúnni ẹ̀bùn. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ojú mi fi fà sókè, n kò sì lè gbé orí lé ìrọ̀rí fún òru méjì. Nígbà tí mo sunkún, ìdáhùn tí gbogbo wa ti gbọ́ rí ni wọ́n fún mi, pé bí ó bá di ọjọ́ kẹta yóò rọ̀. Ó rọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe é ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ títí mo fi jáde, ibì kan wà ní ẹ̀bátí mi òsì tí irun kò padà hù sí mọ́ títí di òní.

Àṣà àwọn ìyá wa ni

Kì í ṣe inú ìwé ìròyìn òkèèrè ni a ti kọ́kọ́ rí irun tí a kó sókè. Àwọn ìyá wa ti ní ṣùkú, níbi tí gbogbo ẹsẹ̀ irun ti ń gun òkè lọ láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ìpàkọ́, tí wọ́n sì pàdé ní àtàrí. Wọ́n ní ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, tí ó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ wá sí iwájú, àti kòlẹ́sẹ̀, tí ó ń lọ sí ẹ̀yìn ọrùn. Ọ̀nà tí ọwọ́ ń gbà ṣe é sì yàtọ̀. Irun dídì ni èyí tí a ń dì mọ́ awọ orí. Irun kíkó ni èyí tí a ń fi òwú wé láti ìdí dé ṣóńṣó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ méjèèjì yìí ti ní ohun tí ó pọ̀ tó láti máa kó irun ara rẹ̀ jọ.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì nípa bí iṣẹ́ náà ti tó, kí ó wá àwòrán tí J. D. 'Okhai Ojeikere yà. Ọmọ Nàìjíríà ni, a bí i ní ọdún 1930, ó sì kú ní ọdún 2014. Láti ọdún 1968 ni ó ti ń ya irun àwọn obìnrin, àwọn àwòrán náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 1,000. Ẹ̀yìn orí ni ó sábà máa ń yà, kì í ṣe ojú, nítorí náà ohun tí ẹ ó rí ni iṣẹ́ ọwọ́ gan-an: bí a ti la irun, bí òwú ti gbé e dúró, bí ẹsẹ̀ kan ti tẹ̀ lé èkejì bí ẹni ń kọ́lé. Lára irun olówùú ìgbà náà ni èyí tí a fi orúkọ afárá Èkó pè, nítorí bí òwú ti so apá kan orí pọ̀ mọ́ apá kejì.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ níhìn-ín o. Kì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn ìyá wa ṣe ni ó rọ irun lọ́rùn. Onídìrí tí ọwọ́ rẹ̀ le ni àwọn kan ń wá kiri, kí irun lè pẹ́ lórí. Àmọ́ owó àti àkókò ni wọ́n ń wò nígbà náà, bí àwa náà ti ń wò ó lónìí. Irun tí ó bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dára fún àpò. Irun tí a ṣe fúnra wa nílé, tí a lè tú lálẹ́ kí a sì tún un ṣe láàárọ̀, kò nílò kí ó le rárá, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Bí fífà ṣe ń pa irun

Irun kọ̀ọ̀kan ń hù láti inú ihò kékeré kan nínú awọ orí, gbòǹgbò rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ ihò náà. Bí a bá fa irun fún wákàtí díẹ̀, gbòǹgbò yóò fara dà á. Bí a bá ń fà á lójoojúmọ́ sí ọ̀nà kan náà, ara tí ó yí gbòǹgbò ká yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìgbà náà ni awọ orí yóò máa dùn wá, tí kókó wẹ́wẹ́ yóò sú sí ìdí irun, tí ọyún lè wà nínú wọn nígbà mìíràn. Lẹ́yìn èyí, irun níbẹ̀ yóò máa já, yóò sì máa fẹ́lẹ́. Bí a bá dáwọ́ dúró ní ìpele yìí, irun lè padà hù láàárín oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí fífà náà bá ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àpá yóò rọ́pò gbòǹgbò, irun kì í sì í hù lójú àpá.

Ìdí tí ó fi jẹ́ pé iwájú àti ẹ̀bátí ni ó kọ́kọ́ ń lọ kò ṣòro láti mọ̀. Irun ibẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti àárín orí lọ, òun sì ni ó wà ní ìpẹ̀kun. Nígbà tí a bá kó irun jọ sí àtàrí, irun iwájú ni ó ń rìn jìnnà jù lọ, nítorí náà òun ni okùn ń fà jù.

Kì í ṣe irun àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Greenland, ilẹ̀ yìnyín tí ó wà ní àríwá ayé, ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, lára àwọn obìnrin tí wọ́n máa ń so irun wọn pinpin sókè. Ṣùgbọ́n láàárín àwa, ó ti di ohun tí ó wọ́pọ̀ jù. Ní ọdún 2007, Nonhlanhla Khumalo, oníṣègùn awọ ara ní Yunifásítì Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde. Nínú àwọn àgbà obìnrin tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni fífà ti ba irun rẹ̀ jẹ́. Nínú àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́, ó tó 17 nínú 100. Wọ́n tún rí i pé ewu náà pọ̀ sí i fún ẹni tí ó bá fi fífà kún irun tí a ti fi rilásà nà, àti fún ẹni tí dídì irun máa ń dùn. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn. Dídùn orí kì í ṣe ara iṣẹ́ náà, bí a ti kọ́ wa láti kékeré. Ìkìlọ̀ ni.

Kí a tó fọwọ́ kan irun

Ohun tí a nílò kò ju wọ̀nyí lọ: òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra, ìgò tí a fi ń fọ́n omi, òrí tàbí òróró àgbọn díẹ̀, píìnì irun mẹ́rin sí mẹ́jọ tí orí wọn kò ṣí, àti ohun tí a ó fi so irun. Róbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń di owó tàbí ọ̀rá kò yẹ irun rárá, nítorí pé ó máa ń gé e, yóò sì tún fa púpọ̀ jáde nígbà tí a bá ń yọ ọ́. Èyí tí ó dára jù kò náni lówó. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ fífẹ́lẹ́ àtijọ́, irú èyí tí àwọn obìnrin ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, kí ẹ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí òrùka òrùka tí ìbú rẹ̀ tó ìka méjì. Ẹsẹ̀ kan lè fún yín ní mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n rọ̀, wọ́n sì ń di irun mú láìgé e.

Irun wa tí ó ká kókó kì í fẹ́ kí a yà á ní gbígbẹ. Ẹ fọ́n omi sí i títí yóò fi rọ̀, kì í ṣe títí yóò fi máa kán. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa ọwọ́, kí ẹ fi pa irun náà. Lẹ́yìn náà, ẹ pín orí sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ẹ sì ya ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ṣóńṣó wá sí ìdí. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ń ti gbogbo kókó lọ sí ibì kan ṣoṣo ni, níbẹ̀ ni yóò sì ti já a. Ẹ fi ọwọ́ kan di ìdí irun mú nígbà tí ọwọ́ kejì bá ń yà á, ọmọ kò ní sunkún tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe kó irun tí ó tutù rinrin jọ sókè kí ẹ so ó pinpin. Irun tí ó tutù máa ń nà ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì tètè ń já. Bí ó bá sì ń gbẹ, yóò máa sún kì, nítorí náà ohun tí ó dẹ̀ ní aago méje àárọ̀ lè ti le ní aago mẹ́wàá, kí ìwàásù tó parí.

Ìdì kan ní àtàrí

Èyí ni ó rọrùn jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ní àṣìṣe. Wọn á mú búrọ́ọ̀ṣì àti ìpara tí ń lẹ irun mọ́lẹ̀, wọn á bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí, wọn á sì máa fà títí iwájú yóò fi máa dán bí awo. Ẹ yí ètò náà padà. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka kó irun ìpàkọ́ gòkè, kí ẹ fi ọwọ́ kan dì í mú. Ẹ wá kó ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì wá bá a. Irun iwájú ni kí ó kẹ́yìn, ẹ má sì fà á. Ẹ kàn tẹ́ ẹ sẹ́yìn pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Ẹ yí òrùka ìbọ̀sẹ̀ ká a lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta bí irun kò bá pọ̀. Ẹ tú irun tí ó wà lókè ká bí òdòdó, kí ẹ ká ṣóńṣó rẹ̀ sábẹ́, kí ẹ sì fi píìnì mẹ́rin dì í ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nísinsìnyí, ẹ dán an wò. Ẹ la ojú yín gbòòrò níwájú dígí, kí ẹ sì rẹ́rìn-ín. Bí awọ iwájú orí bá fà nígbà tí ẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti le jù. Ẹ tún ti ìka kékeré bọ abẹ́ òrùka náà. Bí kò bá wọlé, ẹ tú u kí ẹ tún un so.

Ọ̀pọ̀ obìnrin ni irun iwájú wọn kò gùn tó láti dé àtàrí. Àwọn ni wọ́n ń fi agbára fà á jù, àwọn gan-an ni kò sì yẹ kí wọ́n fà á. Ohun tí ó yẹ wọ́n ni pé kí wọ́n pín irun iwájú sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sẹ́yìn mọ́ orí níwọ̀n bí ó bá ti gùn tó, kí wọ́n sì fi píìnì kan dá a dúró níbẹ̀. Irun ẹ̀yìn nìkan ni wọn yóò so sókè. Yóò dà bí ẹni pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ẹwà ni, ó sì lẹ́wà.

Lílọ́ méjì tí ó yí orí ká

Bí ẹ bá mọ̀ pé gèlè ni ẹ ó wé, ìdì tí ó ga ní àtàrí lè dí i lọ́wọ́. Ẹ la irun sí méjì láti iwájú dé ìpàkọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ apá ọ̀tún láti òkè iwájú orí, kí ẹ máa fi irun díẹ̀díẹ̀ kún un bí ẹ ti ń sọ̀kalẹ̀ gba ẹ̀yìn etí lọ sí ìpàkọ́. Ẹ ṣe apá òsì bákan náà. Ní ìpàkọ́, ẹ óò ní ìrù méjì. Ẹ mú ìrù ọ̀tún kọjá sí apá òsì, ti òsì sí apá ọ̀tún, kí ẹ gbé wọn gòkè díẹ̀, kí ẹ sì fi píìnì dì wọ́n mọ́ ara lílọ́ tí ó wà níbẹ̀. Kò sí okùn kankan lórí rẹ̀, kò sì sí ibi tí ó ti ń fà, nítorí pé ara irun fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé e dúró. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ ọn lára, ó lè gbà tó ìdajì wákàtí ní ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìgbà karùn-ún, ẹ óò ṣe é láìwo dígí.

Irun olówùú

Mo fẹ́ gbé ẹ̀yìn dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa ti ń kà á sí irun àwọn ìyá àgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó ṣe irun wa lóore tó o. Òwú dúdú tí a fi ń kó irun kò wọ́n lọ́jà. Ẹ pín orí sí mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Ẹ mú ìpín kan, ẹ ta òwú ní kókó dídẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé e láti ìdí lọ sókè. Ìwé méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ ni àwọn tí ó fẹ́ kí irun dúró ṣánṣán ti máa ń fún òwú mọ́ awọ orí, ibẹ̀ sì ni orí ti ń dùn wá. Ẹ jẹ́ kí ó dẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wá máa wé e dáadáa bí ẹ bá ti jìnnà sí awọ orí ní ìwọ̀n ìka kan. Bí ẹ bá dé ṣóńṣó, ẹ ta á ní kókó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ tẹ̀ wọ́n gòkè sí àtàrí, ẹ fi òwú kan náà so wọ́n pọ̀, kí ẹ sì ká ṣóńṣó wọn sínú bí ìtẹ́ ẹyẹ.

Irun yìí lè wà lórí fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí a bá tú u, èrè rẹ̀ kejì yóò hàn. Òwú ti na irun náà láìlo iná àti láìlo rilásà, nítorí náà irun tí ó ti sún kì tẹ́lẹ̀ yóò gùn, yóò rọ̀, yóò sì rọrùn láti kó jọ sí ìdì tí a ti sọ lókè yìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbé irun olówùú jáde lè ṣe é lálẹ́ Ẹtì, kí ó tú u láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi.

Ẹni tí onídìrí ti dì fún

Àwọn mìíràn ti lọ sí ọ̀dọ̀ onídìrí, irun àfikún gígùn tí ó dé ẹ̀yìn sì ti wà lórí wọn. Wọ́n á wá kó gbogbo rẹ̀ jọ sí àtàrí nítorí ooru. Irun àfikún wúwo, irun tiwa tí ó tín-ín-rín ni ó sì rọ̀ mọ́. Bí a bá tún wá kó o sókè, a ti fi fífà kún fífà. Kí a kó ìdajì òkè nìkan jọ, kí a sì so ó bọ́ọ̀lọ̀. Bí a bá so ó sókè lónìí, kí a so ó sí ẹ̀yìn ọrùn lọ́la, kí fífà má baà máa lọ sí ọ̀nà kan náà. Lálẹ́, kí a tú u sílẹ̀ pátápátá. Ní ọjọ́ tí a bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í, kí a má kó o sókè rárá.

Àwọn ọmọdé

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ọmọ tí ó bá ní orí ń dun òun kò ṣàgídí. Ẹ dúró, ẹ tú ẹsẹ̀ irun tí ó tọ́ka sí, kí ẹ tún un ṣe. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò nílò kí a so irun rẹ̀ sókè lọ́nàkọnà, a kò sì gbọ́dọ̀ fi irun àfikún kún ti ọmọdé. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n máa ń yan irú irun tí gbogbo ọmọbìnrin yóò dì ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ṣùkú ni wọ́n yàn, a lè dì í ní ẹsẹ̀ ńláńlá díẹ̀ dípò wẹ́wẹ́ púpọ̀, yóò sì jẹ́ ṣùkú síbẹ̀.

Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ bẹ àwọn tí wọ́n ń darí ẹgbẹ́ akọrin àti ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin nínú ìjọ. Nígbà ìkórè àti ọjọ́ àjọ̀dún, a máa ń fẹ́ kí irun gbogbo wọn rí bákan náà. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n irun tí a bá yàn, kí ó jẹ́ èyí tí ọmọ tí irun rẹ̀ kúrú jù nínú ẹgbẹ́ lè ṣe láìjẹ́ pé a fà á títí omijé yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí a kò bá rí irú rẹ̀, fìlà kan náà tàbí ìborí kan náà yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin ìyàwó àlùfáà, ẹ̀yin ni a sábà máa ń bi nípa irú nǹkan báyìí. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu yín yóò ṣe ju àpilẹ̀kọ yìí lọ.

Gèlè, ìborí, àti oorun

Gèlè fúnra rẹ̀ lè ṣe ohun tí okùn kò ṣe. Etí rẹ̀ máa ń jókòó lé ibi tí irun iwájú ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, aṣọ líle sì máa ń ha irun náà. Ẹ kọ́kọ́ fi ìborí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ń dán, irú aṣọ sáténì, wé orí kí ẹ tó wé gèlè lé e. Gèlè kò ní máa yọ̀ bí ẹ bá fi píìnì kan mú un ní ẹ̀yìn. Ohun kan náà ni fún wíìgì: fìlà abẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi àmì sí iwájú orí. Ẹ sì fi irú ìborí dídán kan náà sùn, nítorí pé aṣọ ìrọ̀rí òwú máa ń fa omi àti òróró inú irun mu, ó sì ń gé e.

Bí ó bá ti ń lọ ńkọ́?

Bí ẹ bá rí irun kúkúrú tí ó ti já níwájú orí, tàbí tí ẹ fọwọ́ kan ibẹ̀ tí ó ń dùn yín, ẹ má ṣe di irun kankan mọ́ ọn fún oṣù mélòó kan. Irun àfikún tí a fi bò ó yóò kàn mú kí ó yára ni. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, nítorí náà kò di dandan kí a gé gbogbo irun kúrò. Ẹ fi í sílẹ̀ kí ó sinmi, kí ẹ lọ́ ọ sí ìdì ńláńlá, kí ẹ wé ìborí rírọ̀ lé e. Bí kókó tàbí ọyún bá wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn awọ ara bí ó bá wà nítòsí, kì í ṣe ọjà ìpara. Ẹni tí awọ ibẹ̀ bá ti ń dán, tí kò sí irun wẹ́wẹ́ níbẹ̀ mọ́, ni kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tí ìpara lè ṣe fún. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ti ra púpọ̀ nínú wọn.

Ọmọbìnrin mi ti ń lọ́ irun rẹ̀ fúnra rẹ̀ báyìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bí ó bá ti parí, yóò wá kúnlẹ̀ níwájú mi, yóò gbé orí fún mi, èmi yóò sì ti ìka kékeré mi bọ abẹ́ òrùka ìbọ̀sẹ̀ náà. Bí ó bá wọlé, a ó gbé Bíbélì wa, a ó máa lọ. Bí kò bá wọlé, a ó tú u, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó pẹ́ dé ìsìn díẹ̀.